Oògùn Tí Kì í Dé Orí Pẹpẹ

Nínú ìjọ Yorùbá ní Peckham, bí ẹnìkan bá dìde jẹ́rìí pé Olúwa wo òun sàn, a óò gbọ́ ti ààwẹ̀, àìsùn àti omi ìyè. A kì í gbọ́ ti dókítà. Bẹ́ẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ nínú báàgì ẹlẹ́rìí, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára páálí.

Ilé la ti gbé àṣà yìí wá, àmọ́ ìdajì rẹ̀ la gbé. Nígbà àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ọdún 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan n'Íjẹ̀bú-Òde, tí Joseph Shadare wà lára aṣáájú wọn, gbá àdúrà mú. Ta ni yóò bá wọn wí? Oògùn òyìnbó pàápàá kò ká àrùn náà. Ní 1930, nígbà ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá n'Iléṣà, ilé ìwòsàn Wesley Guild ti wà nílùú kan náà, síbẹ̀ omi tí a gbàdúrà sí ni èrò ń rọ́ lọ bù. Nígbà tó yá, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àpọ́sítélì dé láti Ìlú Ọba, wọ́n ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Àwọn àgbà ìjọ aládùúrà wọ̀nyí, tí wọ́n gbà pé àdúrà nìkan ló tọ́, kò sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀: wọ́n sọ ọ́ fún wọn lójúkojú. Ọ̀rọ̀ náà wà lára ohun tó tú wọn ká, tí ìjọ Christ Apostolic Church (CAC) fi dá dúró.

Àwọn àgbà náà le jù, lójú tèmi. Ọmọ tí ibà ń ṣe nílò oògùn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ lójú agbo náà ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá.

Tiwa ńkọ́? Ní England, ẹni tó bá ti pé 60 ọdún kì í san kọ́bọ̀ lórí oògùn tí dókítà kọ. À ń gbà á, à ń lò ó, a sì ń fi í pamọ́ fún Ọlọ́run tó rí inú báàgì. Ẹni tí èyí ń pa lára ni ọ̀dọ́mọbìnrin tó bá ẹlẹ́rìí nílé ìdáná ìjọ, níbi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì: "Mọ́mì, ṣé ẹ ò lo nǹkan kan rárá?" "Ọmọ mi, àdúrà ṣáá ni." Ìyá tiẹ̀ wà lórí àìsàn. Kí ni yóò rò, bí kò ṣe pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó?

Baba tó gbé ọmọ oníwárápá tọ Jésù lọ kò dọ́gbọ́n kankan. Ẹnu kan náà tó fi ní òun gbà gbọ́ ló fi bẹ̀bẹ̀ nítorí àìgbàgbọ́ rẹ̀. Jésù kò lé e. Ó wo ọmọ náà sàn.

Mo dábàá fún alága ètò wa pé kí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì yanjú náà máa gba máìkì. Ó ní ẹ̀rí tí kò tíì parí kì í ṣe ẹ̀rí. Orí kẹta ni Jóòbù ti bẹ̀rẹ̀ àròyé, orí 42 ni ìtura dé. Àbí ta ló fẹ́ gba máìkì lọ́wọ́ Jóòbù?