Ìparí Orúkọ Oògùn

Àkọ́sórí lásán ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ orúkọ oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ìparí orúkọ náà sábà máa ń sọ irú oògùn tí ó jẹ́. Ẹbí kan náà ni propranolol àti atenolol. "-Olol" ni àmì wọn. Láti 1953 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń tẹ àkójọ orúkọ oògùn jáde.

Iwájú ọ̀rọ̀ ni àfòmọ́ Yorùbá sábà máa ń wà, kò sì yani lẹ́nu bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ewu wà nínú èyí. Chlorpropamide àti chlorpromazine jọra níwájú. Oògùn àtọ̀gbẹ ni èkíní, ti àrùn ọpọlọ ni èkejì. Bí a bá fi èkíní rọ́pò èkejì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè lọ sílẹ̀ títí dé ojú ikú.

Wíwá orúkọ Yorùbá fún oògùn kọ̀ọ̀kan kò wúlò. Ohun tí dókítà kọ ni nọ́ọ̀sì yóò kà. Orúkọ ẹbí ni ó yẹ kí olùkọ́ túmọ̀. "Apakòkòrò" fún "-cillin" gbòòrò jù (oògùn oko pàápàá ń jẹ́ bẹ́ẹ̀), ṣùgbọ́n "amọ́kànrọra" bá "-olol" mu: yóò rán nọ́ọ̀sì létí láti ka bí ọkàn aláìsàn ti ń lù kí ó tó fún un ní oògùn náà.