Ẹ Má Tú Afẹ́fẹ́ Táyà Nítorí Oòrùn

Bí ooru oṣù kẹrin bá ti gorí 40 ní Niamey, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀: "Tú afẹ́fẹ́ táyà yẹn díẹ̀, kó má baà fọ́ lọ́nà." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa fẹ̀, àwọn tó ṣe táyà sì ti rò ó mọ́ ọn. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Gbogbo ìgbà tó bá ń yí ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ tó ń nà. Ìyẹn ló ń mú rọ́bà gbóná láti inú wá, títí yóò fi ṣí kúrò lára okùn tó dì í mú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò yẹ kó tán lọ́kàn wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ táyà Firestone kó táyà mílíọ̀nù 6.5 padà, èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ Ford Explorer. Ó lé ní igba ènìyàn tó kú nínú jàǹbá táyà wọ̀nyí. Àbùkù wà lára táyà náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 26 PSI ni Ford ní kí wọ́n máa lò, Firestone sì wá ní 30 ló dára. Níbo ni jàǹbá náà ti pọ̀ jù? Ní Texas, Florida àti Arizona, níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa.

Ẹ wá wo iwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ní Banifandou ní Niamey lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dosso dé, táyà rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Géèjì ka 2.5 bar, èyí tí àwa tá a ti Nàìjíríà wá mọ̀ sí 36 PSI. Awakọ̀ rántí pé 2.2, ìyẹn 32, ló wà lára ọkọ̀ òun, ló bá ní kí wọ́n tú u dé ibẹ̀. Ti táyà tútù mà ni 2.2 yẹn! Tí ilẹ̀ bá mọ́, bóyá ni yóò fi ju 28 lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe gbé ẹrù padà sójú títì.

Àárọ̀ ni kí ẹ wọn táyà, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, tàbí kó ti sinmi fún bíi wákàtí mẹ́ta. Férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ ti ka ìwọ̀n rẹ̀. Èyí tó wà lára táyà gan-an, òpin ohun tó lè gbà ni. Ẹni tó bá sì ra táyà tòkunbọ̀, kó wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àmì DOT: 2319 túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kò sí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó lè sọ rọ́bà gbígbó di tuntun.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà lọ sí Gaya, ìwọ̀n méjì ló máa ń wà lára férémù ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ̀kan fún ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, èkejì fún ẹrù kíkún. Táyà ẹ̀yìn ló sábà máa ń gba àfikún. Ti ẹrù kíkún ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wọn sípíà náà.