Pípààrọ̀ Sípíríngì Ọkọ̀ Ẹrù Fúnra Ẹni

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti iye owó irè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òṣùwọ̀n. Ọ̀ràn irin abẹ́ ọkọ̀ ni. Irè tí a ti kórè, tí a ti sá gbẹ, tí a sì ti dì sínú àpò, kò tí ì di owó títí yóò fi dé ilé ìkẹ́rùsí. Láàrin oko àti ilé ìkẹ́rùsí, sípíríngì ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé Choggu ní Tamale mọ ohun tí mo ń wí. Àwọn píkọ́ọ̀pù àti àwọn Motorking ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta a máa jáde láti Tamale lọ sí ìhà Kumbungu, Savelugu àti Tolon lọ kó àgbàdo, ẹ̀pà, ìrẹsì àti èso igi òrí. Àwọn ọ̀nà ńlá ní ọ̀dà lára, ṣùgbọ́n irè kì í hù létí ọ̀dà. Ọ̀nà pupa tí ó wọ inú oko ni ọkọ̀ ní láti tọ̀, àti lásìkò òjò, láti May títí di October, àgbàrá a máa gbẹ́ ọ̀nà náà bí ẹni gbẹ́ kòtò. Ibẹ̀ ni sípíríngì ti ń ṣẹ́. Bí ó bá sì ṣẹ́, ọkọ̀ dúró, òjò kò dúró, àgbàdo inú àpò bẹ̀rẹ̀ sí hu olú.

Èrò mi ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọkọ̀ ẹrù onísípíríngì pẹlẹbẹ, èyíinì ni irin gbọọrọ tí a tò lé ara wọn lábẹ́ ọkọ̀, gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò wí pé iṣẹ́ fítà ni. N kò bá wọn jà. Àwọn fítà Ghana kì í ṣe ẹni àbùkù. Ẹni tí ó bá ti dé Suame Magazine ní Kumasi ti rí ohun tí òòlù àti ọgbọ́n lè ṣe, ibẹ̀ sì ni Yunifásítì Kumasi dá ibi ìkọ́ni-níṣẹ́-ọwọ́ kan sílẹ̀ sí ní 1980 láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fítà wà ní ìlú, sípíríngì a sì máa ṣẹ́ ní oko.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tuntun ni mo ń béèrè. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Òfà àti Ìlọrin wá ṣòwò ní Tamale, kí òfin November 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sílé, lọ́rì Bedford alápáko ni wọ́n ń fi kó ẹrù. Sípíríngì pẹlẹbẹ ni ó wà níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀ wọ̀nyẹn, abẹ́ ọkọ̀ sì ni ọmọ ọkọ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó fún un ní ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ọkọ̀ kò mọ̀ ju kí a pe fóònù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí iṣẹ́ náà ti rí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé awo ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára àwọn nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì da díísù tí a pò mọ́ epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí èyí tí ó bá ti dípẹtà. Ní òwúrọ̀, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ó sì le, kí ẹ fi igi tàbí òkúta há táyà iwájú, ní iwájú àti ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn díẹ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Nígbà náà ni ẹ óò tó fi jáàkì gbé ṣáásí sókè, tí ẹ óò sì to ìtì igi líle sábẹ́ rẹ̀, níwájú ibi tí orí sípíríngì so mọ́. Jáàkì ń gbé ọkọ̀ sókè ni, kì í dì í mú. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò sì yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìfi àmì kankan hàn. Ẹni tí kò bá ní ìtì igi, kí ó má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀. Kí ó lọ wá igi ná.

Jáàkì kejì ni yóò gba áàsìlì dúró. Ẹ máa ṣọ́ rọ́bà bíréèkì, kí áàsìlì má baà fà á já. Ẹ tú ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà ẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lẹ́nu bóòtì méjì tí a tẹ̀ bí lẹ́tà U, tí àwọn fítà ń pè ní yúbóòtì. Níbí ni apá ti máa ń dun ènìyàn: páìpù irin tí a bá kì bọ ìdí sípánà yóò sọ agbára ẹnì kan di ti ẹni méjì. Ẹ rọ áàsìlì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí sípíríngì kò fi ní fún mọ́, kí ẹ tó lu bóòtì orí rẹ̀ àti ti ìdí rẹ̀ jáde. Ó wúwo, ẹ jẹ́ ẹni méjì. Ti Motorking fúyẹ́ ju èyí lọ.

Bí ẹ bá ń gbé tuntun wọlé, bóòtì kékeré tí ó di àwọn irin náà pọ̀ láàrin gbọ́dọ̀ wọ inú ihò rẹ̀ lórí áàsìlì. Bí kò bá wọ̀ ọ́, áàsìlì yóò wọ́, ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, yóò sì máa jẹ táyà. Yúbóòtì tuntun ni kí ẹ lò, nítorí ògbólógbòó ti nà. Ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa bọ́ láti igun kan sí igun kejì tí ó kọjú sí i. Bóòtì tí ó gba inú búùṣì onírọ́bà kọjá, ẹ má ṣe fún un tán títí ọkọ̀ yóò fi dúró lórí táyà rẹ̀; bí a bá fún un nígbà tí áàsìlì ṣì ń rọ̀, rọ́bà náà yóò lọ́, yóò sì ya láìpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí a ti fi kó ẹrù, ẹ padà fún yúbóòtì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ pààrọ̀ apá ọ̀tún àti apá òsì pọ̀, bí owó bá wà, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Sípíríngì ń gbé ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ń dá ìfò rẹ̀ dúró. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀: bí ó bá ń fò sókè-sódò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí bí òróró bá ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn.

Ohun méjì ni mo lòdì sí pátápátá. Èkíní ni kí a jó sípíríngì tí ó ṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà. Iná tí ó jó o mọ́ra náà ni ó ba agbára irin náà jẹ́, yóò sì tún ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí a jó, bóyá lóru, bóyá lórí afárá. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ kí ó fi rọ àdá àti ọkọ́ fún yín. Irin rere ni fún iṣẹ́ yẹn.

Èkejì ni àṣà fífi irin kún sípíríngì kí ọkọ̀ lè gba ẹrù sí i. Bí àpò kan bá jẹ́ kílò 100, àpò 10 jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Píkọ́ọ̀pù tí a ṣe fún tọ́ọ̀nù kan, tí a wá di àpò 20 sí, lè má tẹ̀ mọ́ lójú nítorí irin tí a fi kún un, ṣùgbọ́n bíréèkì rẹ̀, táyà rẹ̀ àti áàsìlì rẹ̀ kò yí padà. Ọ̀nà pàápàá ń san gbèsè náà. Àwọn onímọ̀ ọ̀nà dán ọ̀ràn yìí wò ní Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, láti 1958 sí 1960, wọ́n sì rí i pé bí ẹrù orí áàsìlì bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún ọ̀nà a máa tó ìlọ́po 16. Nítorí náà ni òfin tí ECOWAS ṣe ní 2012 fi fi òpin sí ẹrù orí áàsìlì àwọn lọ́rì ńlá. Àwa tí a ń ráhùn pé ọ̀nà oko wa bàjẹ́, àwa kan náà ni a ń fi àpò 20 gbẹ́ kòtò tí ó ń ṣẹ́ sípíríngì wa. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ìkìlọ̀ kan kù, kò sì yẹ kí a fi ṣeré. Gbogbo ohun tí mo ti wí, sípíríngì pẹlẹbẹ ni mo ń bá wí. Èyí tí ó lọ́ bí ejò tí ó ká, tí ó wà níwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀kì, kì í ṣe iṣẹ́ sípánà àti òòlù. A ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀ kí a tó dè é. Ẹni tí ó bá tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi irin ìfúnpọ̀ tí a ṣe fún un dì í mú, yóò ta jáde bí ọta ìbọn, ó sì lè pa ènìyàn. Èyí ni kí ẹ gbé lọ fún fítà láìjiyàn.

Ẹ̀yin olùrajà tí ẹ ń háyà ọkọ̀ lásìkò ìkórè, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó di àpò kìíní sí i. Ẹ ka irin sípíríngì apá ọ̀tún àti ti apá òsì. Bí wọn kò bá dọ́gba, tàbí bí ẹ bá rí ojú ibi tí wẹ́dà jó, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn.