Àtúnṣe Ni Tàbí Ìdàgbàsókè? Ẹ Bi Wọ́n!

Ẹ̀yin ará Ìrè, Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti gbogbo abúlé tó yí wa ká, nígbà ìbò, gbogbo ẹni tó bá gun pẹpẹ ló ń pariwo "ìdàgbàsókè." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlú Ògún ni Ìrè, a mọ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Àdá tó kújú, à ń pọ́n ọn ni. Èyí tó kán, à ń tún un rọ. Èyí tí kò sí rárá, tuntun là ń rọ. Bí alágbẹ̀dẹ bá pọ́n àdá yín, tó wá ní kí ẹ san owó tuntun, ṣé ẹ ó gbà? Ẹ ò jẹ́ gbà!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá dí kòtò ojú ọ̀nà, àtúnṣe ni. Bí wọ́n bá yí pátákó ilé ìwòsàn padà láìsí dókítà, láìsí oògùn, ìgbéga orí ahọ́n ni. Bí ọ̀nà ọ̀dà bá dé abúlé tí mọ́tò kò dé rí, ìlọsíwájú nìyẹn. Ìdàgbàsókè ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá ọmọ lẹ mọ̀ ọ́n jù: ọmọ kì í dàgbà lọ́jọ́ kan, ojoojúmọ́ là ń bọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọdọọdún ni wọ́n ń náwó sí i, títí ọmọ àgbẹ̀ fi di olùkọ́ àti dókítà. Ìdàgbàsókè nìyẹn!

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ bíríkì Ìrè. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló dá a sílẹ̀, kí Èkìtì tó di ìpínlẹ̀ ní 1996. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dákẹ́ lórí amọ̀ wa. Ìjọba kan lọ, òmíràn dé, ìlérí kan náà ni. Ẹni tó bá ní òun yóò jí i, àtúnṣe ló ṣèlérí, kó má fún un lórúkọ ńlá. Ọjọ́ tí bíríkì bá ń jáde lójoojúmọ́, tí ọ̀dọ́ wa ń gbowó oṣù níbẹ̀ láìdáwọ́dúró, la ó tó pè é ní ìdàgbàsókè.

A kò yọ ẹgbẹ́ tiwa sílẹ̀ o. Bí ẹni tiwa bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi í: Kí ni? Níbo? Nígbà wo? Èló? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má dìbò fún un.

Káàdì ìdìbò yín ni àdá yín. Ẹ má jẹ́ kó kújú!