Bí VPN bá ń já, ẹ tún ọ̀nà ṣe, ẹ má lé òṣìṣẹ́

Nínú oṣù Kẹfà, ọdún 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé Twitter ní Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ kan tí wọ́n ń pè ní VPN. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ fi gba ẹ̀yìnkùlé wọ ibi tí ìjọba ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, títí di oṣù Kìíní, ọdún 2022, tí ìjọba tó ṣí i padà. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà kan ti gbà pé ohun tí wọ́n fi ń tàpá sófin ni VPN.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ọ́fíìsì ni VPN kó tó di ohun táwọn ọ̀dọ́ ń lò. Òun ni báńkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá ń lò kí òṣìṣẹ́ wọn tó jókòó sílé lè wọ inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láìjẹ́ pé olè rí ohun tó ń ṣe. Òun náà ni àwọn ọmọ Yorùbá kan tó wà n'Íbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Adó-Èkìtì fi ń jẹun lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó wà l'Ékòó tàbí ní ìlú London. Bí VPN bá ti já, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ọ̀gá tó wà lọ́nà jíjìn ò rí i pé iná lọ, kò sì mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dákú. Ohun tó rí ni pé òṣìṣẹ́ òun ò sí níbi iṣẹ́. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni, iṣẹ́ sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àrùn Kòrónà ló mú kí iṣẹ́ àtilé gbilẹ̀. Ọjọ́ 30, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ni ìjọba àpapọ̀ sé àwọn èèyàn mọ́lé l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá. Àrùn náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, tí owó ọkọ̀ sì gbówó lérí, àwọn tó láǹfààní láti ṣiṣẹ́ nílé rí i pé èrè ńlá ló jẹ́.

Kí wá ni VPN yìí gan-an? Ẹ wò ó bí ẹni tó kọ lẹ́tà, tó fi sínú àpòòwé, tó tún wá fi àpòòwé náà sínú òmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ẹni tí lẹ́tà náà bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i. Àmọ́ bó ti wù kí àpòòwé náà le tó, ojú ọ̀nà ni yóò gbà, ibi mẹ́rin ni ọ̀nà náà sì ti lè já.

Àkọ́kọ́ ni inú ilé. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé yóò kú, bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má fura, ṣùgbọ́n bí ìpè fóònù ni VPN rí: tó bá já, àfi kí wọ́n tún un pè. Bátìrì kékeré tó ń gbé ẹ̀rọ náà ró ń tán ìṣòro yìí. Bí kọ̀ǹpútà bá sì jìnnà sí ẹ̀rọ náà, tí ògiri pọ̀ láàárín wọn, wáyà sàn ju afẹ́fẹ́ lọ. Ohun mìíràn tí wọn kì í fura sí ni ọjọ́ àti aago inú kọ̀ǹpútà. Bí ìyẹn ò bá tọ̀nà, VPN lè kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò mọ ọ́fíìsì.

Ìkejì ni iléeṣẹ́ tó ń ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ọ̀pọ̀ oníbàárà ló sábà máa ń pín àdírẹ́sì kan ṣoṣo lò, bí ìgbà tí gbogbo abúlé ń lo àpótí lẹ́tà kan ní pósí-ọ́fíìsì. Irú VPN àtijọ́ kan kì í lè gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì ló gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ẹrù tún wà níbẹ̀. Ẹrù tí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan kì í ju báìtì 1,500 lọ. Àpòòwé kejì tí VPN fi kún un lè mú kó tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Àmì rẹ̀ ni pé VPN á ní òun ti wọlé, ọ̀rọ̀ kékeré á lọ, ṣùgbọ́n ìwé ńlá ò ní ṣí. Bí ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì bá dín ìwọ̀n náà kù sí 1,400 tàbí kó dín díẹ̀ sí i, ó sábà máa ń yanjú.

Ìkẹta ni abẹ́ òkun. Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wáyà ńláńlá mẹ́rin já nítòsí Abidjan lórílẹ̀-èdè Ivory Coast: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Àwọn báńkì Nàìjíríà kan ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà, òṣìṣẹ́ tó ń tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó ń pa á, kàn ń dára rẹ̀ lágara ni. Àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn gba orí Glo-1 tàbí Equiano ráyè mí. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìkẹrin ni ọ́fíìsì fúnra rẹ̀: àyè lè kún, ọ̀rọ̀ ìwọlé sì lè ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí òṣìṣẹ́ tó máa tú kọ̀ǹpútà palẹ̀, kó kọ́kọ́ pa VPN, kó sì ṣí ojú ewé mìíràn. Bí ìyẹn ò bá ṣí, ọ̀rọ̀ inú ilé tàbí ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Bó bá ṣí, kó yá fóònù tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn lò. Bí VPN bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ ló níṣòro. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ọ́fíìsì ni kó pè. Kó kọ aago tó já àti aago tó padà sílẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ ni yóò gbà á lẹ́nu ọ̀gá. Bí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọ etí dídi sí ẹ̀sùn rẹ̀, kó pe 622, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ NCC.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí agbára òṣìṣẹ́ ò ká. Lọ́dún 2020, àwọn gómìnà fẹnu kò pé náírà 145 lórí mítà kan ni kí ìpínlẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Èkìtì já tirẹ̀ láti náírà 4,500 wálẹ̀ sí 145 nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, àmọ́ gbogbo ìpínlẹ̀ kọ́ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní kó tó di ìparí ọdún 2025, íntánẹ́ẹ̀tì tó yára yóò ti dé ọ̀dọ̀ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún náà parí, wọn ò débẹ̀. Síbẹ̀, nínú oṣù Kìíní ọdún 2025 kan náà, NCC gbà kí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn.

Ẹni tó sanwó ọ̀nà ló yẹ kó rí ọ̀nà rìn. Kí àwọn gómìnà mú ìlérí wọn ṣẹ, kí wáyà lè kúrò l'Ékòó dé ìgbèríko. Kí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ béèrè ibi tí ọ̀nà ti já kí wọ́n tó kọ ìwé lọ-gbélé-ẹ. Ẹ̀yin òbí náà, bí ẹ bá rí ọmọ tó ń gbé fóònù kiri ojúde láago méjìlá ọ̀sán, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ń wá.