Ohun Tí Wọ́n Ń Wá Lọ sí Èkó Wà ní Sókótó

Yìgì kì í pẹ́ so ní Sókótó. Bó bá di òwúrọ̀ Sátidé, àwọn ọkùnrin á pé sí mọ́sálásí tàbí ìta ilé ìyàwó, aṣojú tọ̀tún tòsì á jókòó, wọ́n á dárúkọ sàdáákì, ìyẹn owó tí ọkọ fún ìyàwó, sétí gbogbo ènìyàn, àfáà á ṣàdúà, wọ́n á pín obì gbànja àti dàbínù. Ó parí nìyẹn. Ẹni tó dé ní aago mọ́kànlá lè ti máa padà sílé kí aago méjìlá tó lù. Àwọn tó sún mọ́ ìdílé ló máa ń yà sí ilé bàbá ọkọ, níbi tí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò ti yí tíréè kan ká: másà gbígbóná, ọbẹ̀ taushe tí ẹran kún inú rẹ̀, igbá fúrà tí wọ́n ti fi nónò pò. Àwọn obìnrin ń ṣe tiwọn nínú ilé títí di ìrọ̀lẹ́, èyí tí Hausa ń pè ní yini.

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó ń gbé ìlú kan náà kì í ṣe é báyìí. Wọ́n á so yìgì ní aago mọ́kànlá bíi ti gbogbo ará ìlú, àmọ́ wọ́n á ní kí àlejò máa bọ̀ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ìrẹsì yóò fi dé ní aago mẹ́ta. Ìrẹsì ọ̀hún, ti òkè òkun ni. Adìẹ rẹ̀, inú yìnyín ló ti wá. Ẹlẹ́rìndòdò kún inú agbada omi. Nígbà tí oúnjẹ bá fi máa kan tábìlì ẹ̀yìn, àwọn àlejò Hausa tó wá yẹ́ wọn sí ti dìde lọ kírun Alásárì, wọn kì í sì í padà wá. Oúnjẹ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè wá ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Ìdílé tó bá fẹ́ kí àlejò yó láìjẹ gbèsè ní Sókótó, tàbí ní àwọn abúlé tó yí i ká lápá Kware, Dange àti Bodinga, ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro. Kó se ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń hù, kó gbé e kalẹ̀ ní wákàtí tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹun ìyàwó, kó sì jẹ́ kí àwọn obìnrin tó mọ oúnjẹ náà sè é ní àgbàlá ilé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ahun rárá. Àsè tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà yìí máa ń pọ̀ lóúnjẹ ju ti gbọ̀ngàn lọ.

Yorùbá ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ẹni tó wá ń gbé Sókótó gan-an ló tún ń ránṣẹ́ sí Èkó, ìlú tó jìnnà síbẹ̀ ju 900 kìlómítà lọ, nítorí àsè ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Èkó fúnra rẹ̀ ti wá ìrẹsì wá sí apá ibẹ̀ rí. Ní ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó àti ti Kebbi fọwọ́ sowọ́ pọ̀, wọ́n gbé ìrẹsì kan jáde ní oṣù Kejìlá ọdún náà tí wọ́n pè ní Lake Rice, 12,000 náírà ni wọ́n ta àpò 50 kìlógíráàmù rẹ̀ nígbà náà. Pápá Kebbi ni ìrẹsì náà ti wá. Kebbi yìí sì rèé, ara ìpínlẹ̀ Sókótó ló wà títí di ọdún 1991 tí ìjọba ológun gé e kúrò. Ohun tí Èkó rìn jìnnà wá rà ni aládùúgbò Kebbi ń fojú fò dá.

Owó àsè kò sì ṣeé fi ṣeré mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti gorí ohun gbogbo tó ń gba ojú títì kọjá. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, iye owó oúnjẹ ní Nàìjíríà ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń rí sí ìṣirò nílẹ̀ yìí, NBS, ṣe kéde. Nínú irú àkókò báyìí, ohun tí kò wọ ọkọ̀ gígùn ni yóò dín owó kù fún olóko, fún ọlọ́jà àti fún olóde.

Sókótó kò sì fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀wọ́n. Àlùbọ́sà àti aáyù tí wọ́n ń gbìn lápá Wurno àti Goronyo, létí odò Rima, ló ń bọ́ ìlú ńláńlá. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rántí ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ dúró, tí oúnjẹ Àríwá kò lọ sí Gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan: àlùbọ́sà wọ́n bí ojú lọ́jà Èkó. Ewúrẹ́ pupa tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú náà pè ń bẹ ní ọjà ẹran Kara. Awọ ewúrẹ́ yìí ni àwọn oníṣòwò ń kó gba aginjù Sàhárà kọjá láyé àtijọ́, tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Morocco. Kódà obì gbànja tí wọ́n ń pín níbi yìgì, tí Hausa ń pè ní goro, inú oko Yorùbá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń lọ. Hausa tó wà ní Sábó Ṣàgámù mọ ọ̀nà rẹ̀ dáadáa. Ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó ti ìhà Èkó wá síbi ìyàwó ní Sókótó.

Másà ló yẹ kó jẹ́ ọba àsè náà. Wọ́n á rẹ ìrẹsì sómi, wọ́n á se díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ èyí tó kù ní tútù, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi ìwúkàrà sí i kó wú di ọjọ́ kejì. Tanda, ìyẹn àwo amọ̀ tó ní ihò róbótó róbótó, ni wọ́n fi ń dín in. Obìnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe á ti jókòó ti iná láti ìdájí. Á fi ṣíbí kán òróró ẹ̀pà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, á da ìrẹsì lílọ̀ náà sí i, á dúró díẹ̀. Tí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n, á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti dà bí àkàrà tó jiná. Ihò tó kọ́kọ́ dà sí ti ń retí kó padà wá kí ó tó dé ihò ìkẹyìn. Ṣíbí òróró kan ń ṣe púpọ̀ níbẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n fi ata àti òróró sè nínú ìkòkò ńlá kò mọ ìwọ̀n òróró báyìí.

Ará Ìlọrin kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí, nítorí másà àti túwó wà nínú oúnjẹ ìnáwó tirẹ̀ pẹ̀lú. Ọbẹ̀ taushe kò sì ṣàjèjì sí ẹnu Yorùbá: elégédé ni, ẹ̀pà lílọ̀, tẹ̀tẹ̀, ewé ìṣápá àti irú. Ọmọ Òkè-Ògùn tó bá bá túwó àti miyar kuka pàdé, lúrú ló bá pàdé, nítorí ewé osè kan náà ni. Àwọn tó ń sọ pé àlejò Yorùbá kò ní lè jẹ oúnjẹ Hausa kò tíì wo inú ìkòkò náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ fún igba àlejò. Gíráàmù 100 sí 125 ìrẹsì tútù tó ẹni kan, ìyẹn 20 sí 25 kìlógíráàmù fún gbogbo wọn. Ìdajì àpò ti tó. Ewúrẹ́ pupa tó wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 25 lóòyẹ̀ máa ń ku nǹkan bíi 12 ní ẹran àti eegun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bó o, tí wọ́n sì ti kó inú rẹ̀ kúrò. Ewúrẹ́ kan yóò kárí igba ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹran náà yóò kàn máa yọjú nínú ọbẹ̀ ni. Méjì ló dáa. Ibi ẹran kọ́ ló yẹ kí olówó kékeré ti máa ṣọ́ owó ná. Owó gbọ̀ngàn, owó àga oníbòrí funfun, owó ẹlẹ́rìndòdò àti ike funfun tí wọ́n ń di oúnjẹ sí, ìwọ̀nyí ni kó gé. Jíjẹ nínú tíréè ti gba ike lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ kò sì ń ṣòfò, torí ohun tí ẹnì kan kò bá jẹ, ẹni tó jókòó tì í á jẹ ẹ́. Fúrà, kunu àti sóbò yóò rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Omi inú ọ̀rá nìkan ni kó rà, kó sì rà á lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ooru Sókótó náà ń gbè sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹta àti Kẹrin, ooru ibẹ̀ ń kọjá ìwọ̀n 40 Celsius. Ìrẹsì tí wọ́n sè ní ìdájí, tí wọ́n kó jọ sínú kúlà tí kò ká a dáadáa títí di aago mẹ́ta, léwu. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus tí sísè kì í pa ohun tó dà bí ẹyin rẹ̀ tán, bí ìrẹsì náà bá sì ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń jí, tó sì ń tu oró tí ìgbóná lẹ́ẹ̀kejì kì í mú kúrò. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ń sọ ni pé kí oúnjẹ sísè má ṣe kọjá wákàtí méjì níta, kó má sì kọjá wákàtí kan bí ooru bá ti ju 32 Celsius lọ. Másà tó ń ti orí iná bọ́ sórí tíréè kò fún un láyè. Nónò ni kí ìdílé ṣọ́: kí wọ́n rà á lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń se wàrà rẹ̀ kó tó dì í, kí wọ́n po fúrà nígbà tí àlejò bá ti jókòó, kí wọ́n má sì lo yìnyín tí wọn kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ wà lórí àwọn tó ń se oúnjẹ náà. Àwọn obìnrin Hausa ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní biki: ohun tí ẹnì kan bá mú wá síbi ìnáwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí, ìrẹsì ni o, òróró ni o, owó ni o, yóò padà sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èlé nígbà tí ìnáwó bá kàn án. Ó jọ àrò tí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ń ṣe nínú oko. Obìnrin Yorùbá tó ti pẹ́ ní Sókótó, tó sì ti ń gbé nǹkan lọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, kò ní dá nìkan náwó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí àwọn obìnrin ilé ló ń sè é, ọ̀fẹ́ ni. Èéfín, oorun tí wọn kò sùn àti ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n san owó onímásà ní kíkún, kí wọ́n ra igi ìdáná fún un, kí oúnjẹ àwọn tó wà nídìí iná sì yà sọ́tọ̀ kí tíréè àkọ́kọ́ tó jáde. Àsè tó rọ olówó lọ́rùn, tó wá ni obìnrin lára, kò rọrùn.

Àtakò tó le jù ni ti ojú ayé. Wọ́n á ní, kí ni àwọn tó ti Ìbàdàn wá yóò sọ? Ọ̀rọ̀ gidi ni, torí ẹni tó wọ ọkọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú kò yẹ kí ó padà lọ pẹ̀lú ìjákulẹ̀. Kí wọ́n se ìkòkò ìrẹsì kan fún wọn, kí wọ́n sì fi ìrẹsì Kebbi sè é. Ṣùgbọ́n kí ìkòkò kan yẹn má ṣe di odindi àsè. Ìlú tí Muhammad Bello, ọmọ Usman dan Fodio, tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n wà, ìlú àfáà sì ni. Gbogbo Mùsùlùmí ibẹ̀ ló mọ̀ pé Ànábì pàṣẹ fún Abdur-Rahman ibn Awf pé kó ṣe wàlímọ̀, ìyẹn àsè ìyàwó, ì báà jẹ́ pẹ̀lú àgùntàn kan, àti pé níbi wàlímọ̀ Safiyya, ìyàwó Ànábì, dàbínù, wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ni wọ́n tẹ́ síwájú àlejò, kò sí ẹran, kò sí búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ ìnáwó yìí ká àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Sókótó náà lára débi pé, ní ọdún 2020, wọ́n buwọ́ lu àbádòfin láti dín ìnáwó ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ kù. Òfin nìkan kò lè wọ ilé ìdáná. Àwọn òbí ló lè ṣe é.

Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ tàbí gbéyàwó fún ọmọ má tíì san owó gbọ̀ngàn kankan. Kí wọ́n ka orí àlejò. Bí ọjọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n mú un sí oṣù Kejì, nígbà tí àlùbọ́sà àti tòmátì tuntun ń wọ ọjà tí oòrùn kò sì tíì le. Kí wọ́n rìn dé Kara kí wọ́n lọ wo ewúrẹ́, kí wọ́n sì tètè bá onímásà sọ̀rọ̀, torí ìrẹsì tí wọ́n máa dín ní Sátidé, àárọ̀ Jímọ́ọ̀ ló ti ń wọ omi.