Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹnu Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀

Ọdún 1973 ni ITF, àjọ tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà, dá ètò ẹnu iṣẹ́ SIWES sílẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Oṣù 6 ni ti ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, oṣù 4 ni tàwọn ti pólì.

Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ní iléeṣẹ́ púpọ̀, ọmọ tó ń kọ́ nípa iná mànàmáná dé tán, wọ́n ní kó lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, yóò ṣí lọ́ọ́gíbúùkù rẹ̀, yóò da iṣẹ́ tí kò ṣe kọ láti inú ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀gá yóò sì buwọ́ lù ú láìkà á. Irọ́ oníǹtẹ̀ nìyẹn!

Mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ń rán ọmọ níṣẹ́, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó ń mú sípánà fún un lónìí ni yóò tú táyà lọ́la, tó bá sì yá, wọ́n á jọ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Iléeṣẹ́ tó bá gba akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó yan òṣìṣẹ́ kan pàtó tì í, kí wọ́n sì dín iṣẹ́ onítọ̀hún kù díẹ̀, kó lè ráyè kọ́ ọ. Olùkọ́ tó bá wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò ńkọ́? Kó má wo lọ́ọ́gíbúùkù nìkan. Kó ní kí ọmọ náà ṣe iṣẹ́ kan lójú òun.